Nọ́ńbà méjì fún oṣù kan ṣoṣo: báwo la ṣe ń kọ ìjábọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe wà sí lọ́dún tó kọjá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Èmi ni mò ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ní ọ́fíìsì márùn-ún. Olú-ọ́fíìsì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀ka wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ṣágámù àti Ìpẹru. Ọ̀gá wa ní kí n mú ìjábọ̀ ọdún tó kọjá wá, oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi wà? Wọ́n fẹ́ fi bá àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní àkókò iṣẹ́ nìkan ni kí n kà, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí n sì yọ ìgbà tí a fúnra wa pa nǹkan fún àtúnṣe.

Nagios, sọ́fúwià tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ẹni tó ṣáájú mi fi sílẹ̀, ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo wá gbé Zabbix, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sórí kọ̀ǹpútà kan náà. Fún oṣù Kẹta, ẹ̀ka Ìjẹ̀bú-Igbó, Nagios ní 98.9%. Mo kọ SQL (èdè tí à ń fi bi dátàbéèsì ní ìbéèrè) sí dátàbéèsì Zabbix, ó gbé 84.7% jáde. Gbogbo wákàtí tọ̀sán-tòru ni méjèèjì kà, rúta kan náà (ẹ̀rọ tó so ẹ̀ka mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sì ni. Mánéjà ẹ̀ka yẹn ní irọ́ ni méjèèjì. Èwo ni kí n mú lọ?

* * *

Má tíì mú ọ̀kankan lọ. Kí a tó dé orí SQL, dá mi lóhùn lórí ohun kan: kọ̀ǹpútà tí Nagios àti Zabbix wà lórí rẹ̀, ṣé òun náà kì í kú? Mo mọ bó ṣe ń rí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á mú iná lọ lálẹ́, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọ́fíìsì parí, ínfátà nìkan ló kù, bátìrì ínfátà ọ́fíìsì kì í sì í sábà rí ojúmọ́. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú ní aago méjì òru, tí ẹ tan án padà ní aago mẹ́jọ, wákàtí mẹ́fà ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wo rúta Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ni ìjábọ̀ rẹ sọ nípa wákàtí mẹ́fà yẹn?

Nagios, bí o bá fi ojú-ewé ìjábọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, máa ń gbà pé ipò tí òun rí kẹ́yìn kò yí padà. Rúta wà ní aago méjì, ó wá kà á pé ó wà títí di aago mẹ́jọ. Ọlọ́dẹ tó sùn, tó jí láàárọ̀, tó sọ fún onílé pé kò sẹ́ni tó wọlé, irú ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò mọ̀. Àwọn sọ́fúwià tó ń fi RRDtool, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú nọ́ńbà pẹ̀lú aago wọn, pa nǹkan mọ́ ní tiwọn á kọ àyè náà sílẹ̀ pé a kò mọ̀, wọ́n á sì fò ó nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò.

Mú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, wákàtí 720. Ká ní a fojú rí i pé rúta wà fún wákàtí 600, a rí i pé ó já fún 12, 108 wá kù tí a kò mọ̀. Ẹni tó ka àìmọ̀ mọ́ wíwà á pín 708 sí 720, á gba 98.3%. Ẹni tó fo àìmọ̀ á pín 600 sí 612, á gba 98.0%. Ẹni tó ka àìmọ̀ mọ́ jíjá á pín 600 sí 720, á gba 83.3%. Rúta kan, oṣù kan, ìdáhùn mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì yí ìwé.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ láti ṣe nìyí, òun náà ni n ó máa tẹnu mọ́ títí a ó fi parí: jẹ́ kí àìmọ̀ ní òpó tirẹ̀ nínú ìjábọ̀. Má fi ta ọ̀gá lọ́rẹ, má sì fi di ẹ̀bi ru ẹ̀ka.

* * *

Ẹni méjì ti wá sọ níhìn-ín pé mò ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Wọ́n ní kí àbúrò tẹ ìjábọ̀ tó bá sọ́fúwià wá jáde, kí ó gbé e fún ọ̀gá, kí ó lọ sinmi, pé nọ́ńbà kan ni ọ̀gá ń wá. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà kan ni ọ̀gá ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nọ́ńbà kan ṣe.

Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí ní Rẹ́mọ ní olú-ọ́fíìsì ní Ṣágámù, ó ní ẹ̀ka ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn. Ṣágámù ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ gbogbo wa wà. Lọ́jọ́ kan, katapílà àwọn tó ń ṣe ọ̀nà hú fáíbà tó wọ olú-ọ́fíìsì, láti ọ̀sán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn kò fi rí i so. Láti ibi tí kọ̀ǹpútà wa jókòó sí, gbogbo ẹ̀ka pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ gbogbo wọn sílẹ̀ pé wọ́n já. Nígbà tí oṣù parí mo tẹ ìjábọ̀ jáde, mo fi ránṣẹ́.

Wọ́n pe ìyá tó jẹ́ mánéjà Ìkẹ́nnẹ́ kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀ka wọn fi já fún gbogbo ọ̀sán tí wọn kò sì fi tó ẹnikẹ́ni létí. Wọ́n ti kọ ìwé sí wọn kí wọ́n tó ráyè fọhùn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ dalẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn kò já rárá. Rìsíìtì tí wọ́n tẹ̀ fún oníbàárà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí aago wà lára rẹ̀, ni wọ́n kó wá sí Ṣágámù. Èmi ni mo kọ ìjábọ̀ yẹn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì gbà á, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ti wọ fáìlì wọn kí a tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Sọ́fúwià lè mọ ìyàtọ̀ yìí bí ẹ bá sọ fún un. Nínú Nagios, ẹ kọ rúta olú-ọ́fíìsì sí ìlà `parents` rúta ẹ̀ka. Bí ti òkè bá já, á pe ti ìsàlẹ̀ ní UNREACHABLE dípò DOWN, ìjábọ̀ á sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú Zabbix, ẹ fi trigger ẹ̀ka (ìkìlọ̀ tó ń dún bí nǹkan bá já) gbára lé trigger olú-ọ́fíìsì. UNREACHABLE wọ inú òpó àìmọ̀, kò bá jíjá lọ.

Ojú kejì tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ìpẹru tó ń ṣe Zabbix proxy á máa wo àwọn ẹ̀ka láti ibẹ̀, á sì tọ́jú ohun tó rí títí olú-ọ́fíìsì á fi padà dé. Àmọ́ wákàtí kan péré ni proxy máa ń fi dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í da èyí tó pẹ́ nù, bí ẹ kò bá yí ProxyOfflineBuffer padà. Ẹ lè gbé e dé wákàtí 720. Ẹ gbé e sókè, ẹ má fi sílẹ̀ sí ọ̀kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ iná ti gba gbogbo ibí kan, mo sì rí i pé inú ti ń bí àwọn kan. Ohùn méjì ló wà. Àwọn kan ní kí a yọ gbogbo ìgbà tí kò sí iná kúrò, pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Àwọn kejì, tó dà bíi pé kántà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ìyá tó wá gba owó ẹ̀yáwó láti ra gbàgúdá tí yóò fi dín gàrí, tí a ní kó padà wá lọ́la, kò bìkítà bóyá iná ni tàbí fáíbà.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń dáhùn, ìyẹn ni wọn kò fi gbọ́ra wọn yé. Bí ọ̀gá bá ń béèrè bóyá ẹ̀ka rí iṣẹ́ ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́, iná wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè fi jẹnẹrétọ̀ tí tiwa kò tan bẹ̀ wọ́n lẹ́jọ́. Nítorí náà ìdí ni kí o kọ mọ́ jíjá kọ̀ọ̀kan: iná, ìsopọ̀, ẹ̀rọ tiwa, tàbí ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ yọ iná kúrò á yọ ọ́, ẹni tó fẹ́ fi sí i á fi sí i, nọ́ńbà méjèèjì á sì ti inú ìwé kan náà jáde.

Báwo la ṣe ń mọ ìdí nígbà tí kò sí UPS olówó ńlá ní ẹ̀ka? Bi rúta fúnra rẹ̀. Gbogbo rúta tó ń dáhùn SNMP (èdè tí à ń fi bi ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìbéèrè) ní sysUpTime, tí ń ka àkókò láti ìgbà tó ti tan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́ẹ̀kan. Bí Ìjẹ̀bú-Igbó bá já ní aago mẹ́wàá tó padà ní aago méjìlá, tí sysUpTime rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, rúta kú, iná ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá sọ pé ó ti tan láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, rúta kò kú rárá, ọ̀nà tó so ó mọ́ wa ló já. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tó bá ti pẹ́: nọ́ńbà náà kún lẹ́yìn ọjọ́ 497, á sì padà sí òdo láìjẹ́ pé rúta kú.

Kì í ṣe gbogbo rúta tó kú tó sì jí ni iná pa o. Òṣìṣẹ́ máa ń yọ wáyà rẹ̀, kí ó tún kì í bọ ibẹ̀, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti falẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo fi ń dán an wò ni ìwé jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ní ìwé kan tí bàbá ọlọ́dẹ ti ń kọ aago tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n pa á, nítorí owó dísù. Ẹ gba fótò ìwé yẹn lóṣooṣù.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní lóòótọ́, kọ̀ǹpútà yẹn máa ń kú lóru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó ní ọjọ́ 31 ni Zabbix òun ń tọ́jú history dé, pé inú tábìlì trends ni òun ti fa ìpíndọ́gba jáde, òun sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀.

Àbúrò, a ti rí i. Ìdí tó fi rí 84.7% nìyẹn.

Ibi méjì ni Zabbix ń pa èsì mọ́ sí. History ní gbogbo èsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe wọlé. Trends ní àkópọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan: iye èsì tó wọlé, èyí tó kéré jù, ìpíndọ́gba, èyí tó ga jù. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, trends nìkan ló kù fún oṣù Kẹta. Èsì ping, ìdánwò tó ń béèrè bóyá rúta wà níbẹ̀, jẹ́ nọ́ńbà odidi nínú Zabbix: 0 bí kò bá dáhùn, 1 bí ó bá dáhùn. Bí nǹkan bá sì jẹ́ nọ́ńbà odidi, Zabbix á fi ìpíndọ́gba rẹ̀ náà pamọ́ ní odidi, á gé ìyókù dànù sí ìsàlẹ̀. Bí èsì 60 bá wọlé ní wákàtí kan, tí 59 jẹ́ 1 tí ẹyọ kan sì jẹ́ 0, ìpíndọ́gba tòótọ́ jẹ́ 0.98. Zabbix á kọ 0.

Ping kan tó sọnù ti jẹ odidi wákàtí kan nínú ìṣirò rẹ. Bí irú wákàtí bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta lójúmọ́, ìwọ á máa ka 87.5% fún rúta tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló pàdánù, tí tirẹ̀ gan-an jẹ́ 99.8%. Nagios gbé tirẹ̀ sókè nítorí òru tí kò mọ̀. Zabbix rẹ wálẹ̀ nítorí ìdá tí a gé dànù. Mánéjà Ìjẹ̀bú-Igbó kò ṣì sọ.

Oṣù Kẹta kò tíì sọnù pátápátá. Bí èyí tó kéré jù nínú wákàtí kan bá jẹ́ 1, gbogbo èsì wákàtí náà dára. Bí èyí tó ga jù bá jẹ́ 0, gbogbo rẹ̀ já. Ibi tí ó ti da pọ̀, tí èyí tó kéré jẹ́ 0 tí èyí tó ga jẹ́ 1, má ṣe méfò: lọ sí tábìlì events. Ibẹ̀ ni aago tí trigger dún àti aago tó dákẹ́ wà, bí o kò bá sì tíì fọwọ́ kan ètò ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀, ọdún kan ni Zabbix fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, nítorí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ń já bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Trigger ping tí ó bá Zabbix wá máa ń dúró kí ìdánwò mẹ́ta kùnà kó tó dún. Bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lo ń dán an wò, ìṣẹ́jú bíi méjì ti lọ kó tó kọ ìbẹ̀rẹ̀. Fi wọ́n kún un padà.

Iye èsì tó wọlé ló máa sọ àìmọ̀ fún ọ. Ó yẹ kó jẹ́ 60 ní wákàtí kan. Bí o bá rí 22, ìṣẹ́jú 38 ni kọ̀ǹpútà rẹ kò sí níbẹ̀. Bí wákàtí kan kò bá sì ní ìlà rárá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àìmọ̀.

* * *

Ẹnì kan ní kí ó kàn gbé history gbogbo nǹkan dé ọdún kan, ẹlòmíràn dáhùn pé dátàbéèsì á bú. Ẹ̀yin méjèèjì gba ọ̀nà kan. Kì í ṣe gbogbo nǹkan. Ping nìkan. Èsì kan ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìlà 525,600 lọ́dún, ọ́fíìsì márùn-ún á jẹ́ 2,628,000. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí à ń rà ní Ìjẹ̀bú-Òde á gbé ìyẹn. Ọjọ́ 400 ni kí ó fi tọ́jú ping rúta márààrún, kí ìyókù wà ní 31. Láti ọdún tó ń bọ̀ lọ, kò ní nílò trends fún iṣẹ́ yìí mọ́.

* * *

Aago. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, a kì í sì í yí aago wa padà ní ìgbà òtútù bí ti Yúróòpù. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá wà lórí UTC, "mẹ́jọ sí mẹ́rin" tí o kọ sínú SQL á di mẹ́sàn-án sí márùn-ún ní Ìjẹ̀bú. Wákàtí àkọ́kọ́, tí èrò pọ̀ jù ní kántà, á bọ́ sẹ́yìn. Lo Africa/Lagos, orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń pe aago Nàìjíríà.

* * *

Mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Òjúde Ọba, ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ní kí a yọ ọjọ́ kẹta Iléyá kúrò nínú ọjọ́ iṣẹ́, pé kò sí ọ́fíìsì tó ń ṣí ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí gbogbo régbérégbé bá ti wọṣọ jáde. Ẹni tó fèsì láti Ṣágámù fa ìbínú yọ: ó ní iṣẹ́ làwọn ń ṣe lọ́jọ́ náà ní Rẹ́mọ.

Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Kàlẹ́ńdà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró. Ìjẹ̀bú-Òde ní tirẹ̀, Ìpẹru ní tirẹ̀. Nagios gbà kí a kọ ọjọ́ tí a yọ sínú timeperiod (àkókò tí à ń kà) pẹ̀lú `exclude`. Nínú SQL, tábìlì kékeré kan tó ní ẹ̀ka àti ọjọ́ ìsinmi tó. Òṣùpá ló ń gbé Iléyá rìn, kò sí sọ́fúwià tó máa bá ọ fi sí i fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni à ń fi kọ ọ́ lọ́dọọdún.

Ọjọ́ Òjúde Ọba ló tún kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Èrò ti pọ̀ jù nígboro, fóònù gbogbo ayé wà lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ̀ka tó bá sì ń lo 4G á máa dáhùn ping láìṣẹ́jú nígbà tí ojú-ewé ìfowópamọ́ kò ṣí rárá. Ping tí Mike Muuss kọ ní 1983 kò béèrè ju "ṣé o wà níbẹ̀?" lọ. Bí ohun tí ọ̀gá ń béèrè bá jẹ́ bóyá òṣìṣẹ́ rí iṣẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí Zabbix máa ṣí ojú-ewé ìwọlé sọ́fúwià ẹgbẹ́ náà láti ẹ̀ka, kí ẹ sì ka ìyẹn lọ́tọ̀. Ọdún tó kọjá ti lọ, kò sí bí àbúrò ṣe lè rí i padà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àkókò iṣẹ́, nítorí ó yí nǹkan padà ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Bí ẹ̀ka bá já fún wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án, nínú wákàtí 720 oṣù, 99.6% ló kù. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí 176, 98.3% ló kù. Ní ti àìmọ̀, ìròyìn ayọ̀ ni: òru ni kọ̀ǹpútà àbúrò máa ń kú, bí a bá ti gé òru kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú àìmọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Ṣùgbọ́n má gbé nọ́ńbà àkókò iṣẹ́ lọ bá àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ka àdéhùn tí ẹ bọwọ́ lù. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ka wákàtí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà tí ẹ pè wọ́n, kì í ṣe láti ìgbà tí rúta já. Bí wọ́n bá ṣèlérí 99.5%, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36 ni wọ́n ní láyè nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Ìjábọ̀ méjì ni ọ̀gá rẹ ń fẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

* * *

Àtúnṣe. Mo ka ohun tí ẹnì kan kọ pé bí òun bá ti mọ ìdí tí nǹkan fi já, òun á padà lọ kọ ọ́ sí àtúnṣe kí nọ́ńbà lè dára. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Àtúnṣe ni ohun tí a kéde kí ó tó ṣẹlẹ̀, tí mánéjà ẹ̀ka mọ aago rẹ̀. Èyí tí a kọ lẹ́yìn tí ó já kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ kéde rẹ̀ sínú ìjábọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á rí i.

Nínú Zabbix, ẹ yan irú àtúnṣe tí ó ṣì ń gba èsì wọlé. Irú kejì ń dá gbígba èsì dúró pátápátá, ẹ ó sì tún fi ọwọ́ ara yín dá àìmọ̀ sílẹ̀.

* * *

Nǹkan kéékèèké méjì tó ń ba ìjábọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ rúta, ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú sọ́fúwià, ìtàn rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ kàn dá a dúró.

Ẹ má sì ṣe ìpíndọ́gba lórí ìpíndọ́gba. Ẹ̀ka tó ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá ní 99%, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní oṣù Kọkànlá ní 90% fún oṣù méjì. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ tó pín in sí méjì á gba 94.5%. Bí a bá ka oṣù tí a fi ṣọ́ wọn, 97.7% ni. Ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa kó jọ, kí ẹ pín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí.

* * *

Àbúrò béèrè bí ojú ìwé náà yóò ṣe rí níwájú ọ̀gá, pé wọn kò ní sùúrù. Ìlà kan fún ẹ̀ka kan. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí iṣẹ́ oṣù náà, lẹ́yìn náà wákàtí tó wà, wákàtí tó já, wákàtí àtúnṣe tí a kéde, wákàtí tí a kò mọ̀. Ìparí ìlà náà ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì jẹ́ méjì: èyí tó kéré jù tó lè jẹ́, àti èyí tó pọ̀ jù. Ká ní wákàtí iṣẹ́ jẹ́ 168, ó wà fún 161, ó já fún 4, a kò mọ 3: láti 95.8% dé 97.6% ni. Bí àìmọ̀ bá kéré, nọ́ńbà méjèèjì á sún mọ́ra, ọ̀gá á sì kà á bí ọ̀kan. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ọ̀gá fúnra wọn á béèrè ìdí, ìwọ á sì sọ fún wọn pé bátìrì ínfátà ni. Bí mo ṣe rí owó bátìrì gbà nìyẹn ní ibi tí mo wà báyìí, lẹ́yìn tí mo ti fi ẹnu lásán béèrè fún ọdún méjì.

Ojú ewé kejì ni gbogbo jíjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan: aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, ìdí, àti ibi tí o ti rí ìdí náà. Fi ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí mánéjà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta kí o tó fún ọ̀gá. Jẹ́ kí ẹni tó bá ní àtakò mú rìsíìtì wá.

Kí o tó tẹ ohunkóhun jáde, dán an wò. Sọ fún mánéjà Àgọ́-Ìwòyè tẹ́lẹ̀, yan ọjọ́ iṣẹ́ kan tí èrò kò pọ̀, yọ wáyà rúta wọn ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o sì fi padà ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má kọ ọ́ sí àtúnṣe. Lọ́jọ́ kejì, pe ìjábọ̀ àkókò iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá gbé ìṣẹ́jú 20 jáde, bóyá ààlà aago mẹ́rin rẹ kò ṣiṣẹ́, bóyá kọ̀ǹpútà rẹ wà lórí UTC. Bí ó bá gbé 8 jáde, o gbàgbé ìṣẹ́jú méjì trigger. Bí ó bá gbé odidi wákàtí jáde, o ṣì ń fa ìpíndọ́gba trends. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kó gbé jáde. Bí o bá ti rí i, padà wá sọ fún wa níhìn-ín, kí a jọ gbé oṣù Kẹta Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn tún ṣe.